Ta Ni Yóò Ra Àlá Màmá Pyo?

Ọwọ́ Inho kì í gbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ẹ̀rọ tó ń mú ilẹ̀ ilé gbóná ṣe, kó máa ki ọwọ́ bọ àárín páìpù gbígbóná àti wáyà iná. Gbogbo àdúgbò wọn ní ìlú Jinju ló mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá kọ iṣẹ́ nígbà òtútù, Inho ni kí wọ́n pè. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, bó bá kúnlẹ̀ níwájú Dasol ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, ọwọ́ yẹn kan náà a máa gbọ̀n bí ewé.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ gún mi ni, àbí o fẹ́ ya àwòrán sí mi níkùn?"

"Má pa mí lẹ́rìn-ín o. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, màá ṣì í gún."

"Gún un jàre, kí n sinmi."

Ó gún un. Lẹ́yìn náà ó fẹnu ko ojú ibẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ooru ẹnu rẹ̀ sì wọ Dasol lára dé ibi tí abẹ́rẹ́ kankan kò lè dé. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti fẹ́ra wọn. Síbẹ̀, bí ọkùnrin náà bá gbójú sókè wò ó báyìí, ọkàn Dasol ṣì máa ń lù bíi ti ọjọ́ tí Inho kọ́kọ́ wá tún ẹ̀rọ ilé ìyá rẹ̀ ṣe, tó mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé sípánà síbẹ̀ kó lè rí ìdí padà wá. Ìyá rẹ̀ ló sọ lọ́jọ́ náà pé, "Ọmọkùnrin tó gbàgbé sípánà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe sípánà ló ń wá."

Ìfẹ́ kún inú ilé wọn dẹ́nu. Ọmọ tí wọn yóò jọ fún ní ìfẹ́ náà ni kò tíì dé.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá ìtọ́jú, Seoul, olú ìlú, ni wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n Inho obìnrin ló tì wọ́n débẹ̀. "Ṣé Jinju náà lẹ ti fẹ́ wá ọmọ?" ló wí lórí fóònù, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wá ẹja lórí igi. "Ẹ lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ọ̀gá mi bí ìbejì níbẹ̀." Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní ìdájí, wọ́n dé ilé ìwòsàn kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi dígí, tí èrò kún inú rẹ̀ bí ibùdókọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Dókítà ibẹ̀ mọ iṣẹ́, wọn ò purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ kó tó gbójú sókè láti wo Dasol, ẹlòmíì ti ń wọlé.

Ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro yé ènìyàn. Abẹ́rẹ́ á mú kí ẹyin obìnrin pọ̀, dókítà á kó wọn kí wọ́n tó bọ́ fúnra wọn, á pò wọ́n mọ́ àtọ̀ ọkọ nínú ìgò. Èyí tó bá yè nínú wọn, á dá a padà sí ilé ọmọ. Àkókò ló le níbẹ̀. Ẹyin kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ Dasol náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin mẹ́rin ló ń se oúnjẹ ọ̀sán gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà, nínú ìkòkò tí ọmọdé lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìgbakọ tó gùn bí àjẹ̀. Bí wọ́n bá ti dáná, kò sẹ́ni tó ń jáde títí àwọn ọmọ yóò fi jẹun. Bí ẹnì kan kò bá wá, èjìká àwọn tó kù ló máa gbé ẹrù rẹ̀. Ọjọ́rú kan ni wọ́n ní kó wá sí Seoul kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Àǹtí Boksun, ọ̀kan nínú wọn, yọ̀ ṣubú lórí epo, tí ọwọ́ rẹ̀ wú bí àkàrà. Dasol wo ìkòkò, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó gbé ìgbakọ. Ìgbà tó fi dé Seoul lọ́jọ́ kejì, ẹyin ti bọ́. Gbogbo abẹ́rẹ́ di òfò. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé wọn padà, Inho bọ́ aṣọ òtútù rẹ̀, ó fi bo ìyàwó rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ kí àwọn èrò má baà rí i pé ó ń sunkún.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe, Inho ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Kí n wá máa jókòó sílé kí n máa wo ikùn mi?" Dasol dáhùn. "Inho, bí mo bá bu ọbẹ̀ sínú abọ́ ọmọ, tí ó ní 'Ẹ fi kún un,' ibẹ̀ ni mo ti ń rí okun. Má gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ilé ìwòsàn ni ká pààrọ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló wá a kàn, ní òdìkejì odò Nam tó gba àárín Jinju kọjá, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú. Inho dúró nísàlẹ̀, ó wo pátákó ibẹ̀, ó họ orí.

"Lókè ṣọ́ọ̀bù awò ojú?"

"Bí wọn ò bá tiẹ̀ rí ọmọ fún wa, a ò ní ṣàìríran."

Ẹ̀rín pa á, ó tẹ̀ lé e gòkè. Àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní ìdájí náà wọ aṣọ iṣẹ́: ti báǹkì, ti ilé iṣẹ́ aṣọ, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó gbé fìlà rẹ̀ sórí orúnkún. Dókítà Yeom, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ló ń ṣílẹ̀kùn kí oòrùn tó yọ nítorí irú wọn. Ó fetí sí ọ̀rọ̀ Seoul dé òpin. Ó wá ní:

"Mo lè jí nítorí rẹ. Àmọ́ ọjọ́ tí a máa kó ẹyin, èmi kọ́ ni màá yàn án, ìwọ náà kọ́. Ara rẹ ló máa yàn án, kò sì ní sọ fún wa títí á fi ku ọ̀túnla. Wá ẹnì kan níbi iṣẹ́ tó máa mọ̀. Ẹnì kan péré. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a tún máa pàdánù rẹ̀."

Dasol mi orí pé òun gbọ́. Àmọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ burú. Àánú wọn ló ń bà á lẹ́rù. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Eunju tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí, tó sọ fún gbogbo wọn pé òun ń wá ọmọ. Nígbà tí kò bọ́ sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìkòkò wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti wọlé, gbogbo ohùn á rọlẹ̀ bí ẹni wà nílé òkú. Àárọ̀ ọjọ́ kan, Eunju kó bàtà rọ́bà rẹ̀, kò sì padà mọ́. Dasol sì ti búra nínú ara rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo òun lórí ìkòkò ọbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Dókítà Yeom tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ ni Dasol rí eyín rẹ̀. "Wọ́n ti gbó. Alẹ́ òní ni abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la máa kó wọn. Ṣé ẹni tí mo ní kí o wá níbi iṣẹ́ ti mọ̀?"

"Ó máa mọ̀ lónìí," Dasol wí.

Ọjọ́bọ̀! Nínú gbogbo ọjọ́! Ọjọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín ni, ọjọ́ tó wúwo jù lọ nínú oṣù, tí àwọn ọmọ ti fi gègé pupa yí po lórí ìwé oúnjẹ wọn. Yerim, ẹni tó kéré jù nínú wọn, sì ti gbàyè ọjọ́ náà láti lọ ṣe ìdánwò ọkọ̀ wíwà. Èèyàn mẹ́ta ló máa kù. Bí Dasol bá tún lọ, ó di méjì.

Ó ń sáré rìn lórí afárá, ó ń tún ọ̀rọ̀ tó máa sọ tò lẹ́nu, ó ń tú u ká. Inú àpò rẹ̀ ni ọsàn kékeré tí Inho máa ń fún un ní àràárọ̀ wà. Ọkùnrin náà ti fi gègé ya ojú méjì àti ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Dasol dì í mú bí ẹni di ọwọ́ ọkọ mú.

Ìgbà tó fi máa wọlé, Àǹtí Boksun àti Yerim ti ń wọ bàtà rọ́bà. Kó tó ya ẹnu, ilẹ̀kùn gbá lẹ́yìn rẹ̀. Màmá Pyo ló wọlé, obìnrin tó dàgbà jù nínú wọn, tí ohùn rẹ̀ ń borí ariwo gbogbo fáànù tó wà nínú ilé ìdáná náà.

"Ta ló lóyún nínú yín?"

Dasol tètè yíjú sí ibi tí bàtà rọ́bà rẹ̀ wà.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ náà," Yerim wí. "Bóyá ẹ̀yin ni."

"Ẹnu rẹ á gbóná! Mo lálàá. Àlá ọmọ pátápátá." Màmá Pyo jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Mo ń ro ọbẹ̀ ewé òkun, nínú ìkòkò wa ńlá yẹn gan-an. Bí mo ṣe ń rò ó, ẹja kan fò jáde. Wúrà ni gbogbo ara rẹ̀! Ó tó ọmọ ọdún méjì. Ó bọ́ sínú aṣọ ìdáná mi pọ̀ọ́! Mo gbé e, mo sá. Mo sá délé, kò sẹ́ni tó lé mi. Nígbà tí mo jí, mo ṣì ń di aṣọ ìbora mú."

"Yéè!" Àǹtí Boksun dìde. "Ọkùnrin nìyẹn. Ẹja wúrà!"

"Ọkùnrin tàbí obìnrin, ọmọ ni. Kí ni èmi fẹ́ fi ṣe ní ọjọ́ orí mi? Ọmọbìnrin mi sọ pé ajá tí òun ń sìn ti tó òun. Mo máa tà á."

Ta ni kò mọ̀ ní Jinju pé àlá ọmọ ṣeé tà? Bí ẹni tó lá a kò bá ní ìlò rẹ̀, ẹni tó ń fẹ́ ọmọ lè san nǹkan, àlá náà á sì di tirẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

"Ẹ tà á fún mi," Yerim wí. "Màá rà á fún ológbò mi."

"Jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ tó ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọkọ̀!" Àǹtí Boksun wí. "Màmá Pyo, èmi ni kẹ́ ẹ tà á fún, fún ìyàwó ọmọ mi ní Ulsan. Mo máa bá yín fọ gọ́tà epo fún odidi ọ̀sẹ̀ kan."

"Gọ́tà epo!" Màmá Pyo pàtẹ́wọ́. "Èyí ti dọ́jà. Ó di ẹ̀ẹ̀kan. Ṣé kò sí ẹlòmíì?"

Dasol kò tíì gba àlá gbọ́ rí láyé rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹyin tó gbó wà nínú òun nítorí abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ Inho tó ń gbọ̀n, kì í ṣe nítorí ẹja. Síbẹ̀, nígbà tó gbọ́ "Ulsan," nǹkan kan fà á nínú, bí ìgbà tí èèyàn rí àjèjì tó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ó rí ẹja náà. Ó rí wúrà ara rẹ̀.

"Ó di ẹ̀ẹ̀mejì..."

"Èmi ni mo máa rà á."

Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ gbogbo wọn gbọ́ ọ. Àǹtí Boksun yíjú padà. "Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tó o máa ń sọ pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí ti tó ọ?"

"Mo purọ́ ni, Àǹtí." Omi ti lé ròrò sí ojú rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba abẹ́rẹ́. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa kó ẹyin mi ní ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì odò. Mo ti pàdánù ìkan tẹ́lẹ̀, torí mi ò lè jáde níbí. Mi ò fẹ́ pàdánù èyí."

"Ọjọ́ wo lo pàdánù ọ̀hún?"

Ojú Dasol lọ sí ọwọ́ Àǹtí Boksun. Àǹtí Boksun wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti wú nígbà kan, ó wá fi bo ẹnu. "Ọjọ́ tí mo ṣubú. Áà! Èmi ni mo fà á."

"Ilẹ̀ ló yọ̀, Àǹtí. Ẹ̀yin kọ́." Dasol nu ojú. "Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Bí kò bá bọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má gba ìkòkò wúwo lọ́wọ́ mi. Kí ẹnikẹ́ni má sì rọ ohùn sílẹ̀ nítorí mi."

"Ta ló fẹ́ gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ?" Àǹtí Boksun ké, òun náà ń sunkún. "Pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro mí yìí? Ìwọ ni o máa gbé e títí o fi máa fẹ̀yìn tì!"

Ẹ̀rín bú jáde láàárín ẹkún. Màmá Pyo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́. "Sanwó. Àlá tí wọn ò sanwó rẹ̀ kì í ṣí kúrò nílé ẹni tó lá a."

Dasol tú àpò. Ọsàn Inho nìkan ló wà níbẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin àgbà náà, ó ń tì í lójú. Màmá Pyo wo ojú méjì tí wọ́n yà sí i, ó wo ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín, ó bó o, ó sì jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo wọn, ó tu kóró kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ dànù.

"Ó ti wọ ikùn. Kò sí ìdápadà. Ẹja ti di tìrẹ."

"Kí ló ti di ti ta?" Madam Noh, ọ̀gá ilé ìdáná, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé. Màmá Pyo ló sọ fún un, ní gbólóhùn méjì, kí Dasol tó ráyè bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì.

Madam Noh bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Mi ò lè yí oúnjẹ Ọjọ́bọ̀ padà. Bí àwọn ọmọ yẹn ò bá rí ẹran díndín, wọ́n á jẹ èmi."

"Ẹ má ka ìdánwò tèmi sí," Yerim wí. "Mo ti fìdí rẹmi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìkánjú láti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta. Màá wá."

"Èmi náà á wọ bàtà rọ́bà," ni Madam Noh wí. "Ó pẹ́ tí mo ti dín nǹkan kẹ́yìn. Ẹ ò gbọdọ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Dasol tẹrí ba fún wọn. Ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dórí. Gbogbo oṣù tó ti fi ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ kan gbé e ló wá rí lójú ara rẹ̀ bí àárẹ̀ lásán.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí oorun tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fún un tó gbé e lọ, ojú Inho ló rí kẹ́yìn. Nígbà tó lajú, ojú yẹn náà ló tún kọ́kọ́ rí, bí ẹni pé ọkùnrin náà kò tíì ṣẹ́jú.

"Wọ́n kó wọn?"

"Wọ́n kó wọn. Ó pọ̀ tó, Dókítà ló wí bẹ́ẹ̀. Mo lè fẹnu kò ọ́ lẹ́nu níbí?"

"Nọ́ọ̀sì ń wò wá."

"Kó máa wò."

Fóònù rẹ̀ ló dún lábẹ́ ìrọ̀rí. Àwòrán ni: Madam Noh dúró ti epo gbígbóná, ìyẹ̀fun bo awò ojú rẹ̀ méjèèjì, Yerim ń rẹ́rìn-ín kú lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá Pyo kan ilẹ̀kùn wọn pẹ̀lú ìgò ọbẹ̀ gbígbóná. Ọbẹ̀ ẹja inú ẹrẹ̀ ni, èyí tí gbogbo obìnrin tí wọ́n bá kó ẹyin rẹ̀ ń mu kí ara rẹ̀ lè padà sípò.

"Mu ún. Mo fúnra mi lọ̀ ọ́. Màá dúró títí o fi máa mu ún tán."

Dasol mu ún. Inho náà fẹ́ tọ́ ọ wò, Màmá Pyo gbá a lọ́wọ́. "Ìwọ, kí ni wọ́n kó lára rẹ tó tó ọbẹ̀?" Inho yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí rẹ̀ pọ́n bí ata.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dókítà Yeom dá ẹyọ kan, èyí tó lẹ́wà jù nínú àwọn tó yè, padà sí ilé ọmọ. Dídúró de èsì ló wá kù. Àwọn obìnrin ilé ìdáná kò sì yẹ àdéhùn. Kò sẹ́ni tó rọ ohùn sílẹ̀. Àǹtí Boksun bú u nítorí ìrẹsì tó jóná, Yerim sì fi bàtà rẹ̀ pamọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Àfi pé ní àràárọ̀, kí Dasol tó dé, ẹnì kan ti máa ń fọ epo kúrò nílẹ̀ níbi tó máa ń dúró, tí ibẹ̀ á gbẹ táútáú. Dasol rí i, kò sì bi wọ́n.

Ọjọ́ kan, wọ́n jọ ń bó àlùbọ́sà, ó tẹ̀ sí etí Màmá Pyo.

"Màmá, ọjọ́ Ajé tó ṣáájú àlá yẹn, mo gbé ṣíbí ìtọ́wò ọbẹ̀ ewé òkun fún Yerim. Èmi ni mo sì máa ń tọ́ ọ wò."

"Hẹn-ẹn."

"Ẹ rí mi, àbí? Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń wá ọmọ kì í fi ohun tó ń yọ̀ bí ewé òkun kan ẹnu, kí ọmọ má baà yọ̀ bọ́. Ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé." Ó gbé ohùn sísàlẹ̀. "Ṣé òótọ́ lẹ lá àlá yẹn?"

Màmá Pyo kò gbójú kúrò lára àlùbọ́sà. "Mo ti tà á. Ọjà tí mo ti tà, tí mo ti jẹ owó rẹ̀, kí lo tún ń bi mí sí?"

Ọjọ́ tí èsì máa jáde, Madam Noh gbé fóònù Dasol sójú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, torí fóònù kì í wọ ilé ìdáná. Àárín ìgbóná iṣẹ́ ló dún. Madam Noh gbá dígí náà bí ẹni tó rí iná. Àǹtí Boksun pa fáànù gbogbo, lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ìdáná tó ń pariwo láti àárọ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Yerim fa ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan kúrò lọ́wọ́ Dasol. Dasol gba fóònù lójú fèrèsé, ó fi sétí.

"Oyún ti dúró," ohùn Dókítà Yeom wí. "Má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ká tún wò ó. Àmọ́ mo fún ọ láyè kí o rẹ́rìn-ín."

Dasol ń mi orí, ó ń mi orí, bí ẹni pé dókítà ń rí i.

"Kí ló wí?" Àǹtí Boksun ké. "Dasol! Ṣé o fẹ́ kí ọkàn mi dúró ni?"

"Ẹja náà," Dasol wí, ohùn rẹ̀ sì já. "Ẹja náà dúró."

Nítorí ariwo tí wọ́n pa, àwọn ọmọ kíláàsì tó wà lókè yọ orí lójú fèrèsé. Màmá Pyo jókòó sórí àpò ìrẹsì, ó fi aṣọ ìdáná bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Dasol tẹ nọ́ńbà Inho. Ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ìlà náà sì já. Ó pè é padà, kò gbé e. Kò tíì yé e ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Yerim fa apá rẹ̀, tó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Inho ló ń sáré bọ̀ nínú òtútù, kò wọ kóòtù, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èérí ẹ̀rọ. Ó ti fi gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nílé onílé, títí kan sípánà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò mọ̀ọ́mọ̀.